Ihò Bólútì: Ibo Gan-an Ni Àárín Rẹ̀ Wà?

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì rí nígbà tó ń dá ìdérí pọ́ọ̀ǹpù omi padà sára ẹ́ńjìnì á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bólútì mẹ́rin ló ń di ìdérí náà mú. Èkíní wọlé, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi yí i. Èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta ṣe agídí díẹ̀ kó tó gbà. Ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kẹrin yẹn bẹ̀rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ nígbà tó máa fi kan èyí tó kọ́kọ́ wọlé, òun ló wá kọ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti gbé fáìlì, ó fẹ́ ha ihò ìdérí kó lè fẹ̀ sí i. Ọ̀gá ń sọ pé ìdérí tí wọ́n rà kì í ṣe ojúlówó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń wo owó rẹ̀ tó ń lọ.

Ó lè jẹ́ ìdérí ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ihò onítírẹ́ẹ̀dì tó wà lára ẹ́ńjìnì ni kò sí níbi tó yẹ kó wà, pàápàá bí ẹnì kan bá ti tún un gé rí. Àfi ká wọn ihò náà ká tó lè dájọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti ń dojú rú, torí pé ihò bólútì kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ihò yòókù. Iṣẹ́ tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀ nìyí: mo máa ń wọn àwọn ẹ̀yà irin tí ẹ̀rọ gé jáde, màá sì sọ bóyá wọ́n bá àwòrán mu tàbí wọn ò bá a mu. Nínú gbogbo ohun tí mò ń wọ̀n, kò sí èyí tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń wọ̀n àti àwọn tó ń gé irin tó ihò bólútì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ihò náà. Bí ẹ bá là á sí méjì bí ẹni la obì, ohun tí ẹ máa rí lára ògiri rẹ̀ jọ oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Ebè kan, poro kan, ebè kan, poro kan, títí dé ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ebè inú ihò yìí kò pọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni, tó ń yí gòkè láìdúró bí àtẹ̀gùn tó ń yí po. Òun ni à ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n láti orí ebè dé orí ebè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní píìṣì. Ẹ mú bólútì tí súpánà 13 sábà máa ń tú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni M8: mìlímítà 8 ni ìbú rẹ̀, píìṣì rẹ̀ jẹ́ 1.25. Dírììlì 6.8 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lu ihò fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki táàpù bọ̀ ọ́ kó gé poro sára ògiri. Ibi tí táàpù kò gé kàn ló ṣẹ́ kù tó di orí ebè.

Èyí túmọ̀ sí pé ihò mẹ́ta ló wà nínú ihò kan. Orí àwọn ebè yí ọ̀kan ká, ìyẹn ni ipa tí dírììlì fi sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ poro yí èkejì ká, ìyẹn ni ibi tí ẹnu táàpù dé. Ẹ̀kẹta kò hàn sí ojú rárá: ó wà láàárín méjèèjì, ní ibi tí ebè àti poro ti fẹ̀ dọ́gba. Fún M8 tí wọ́n gé sí ìpele 6H, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, ìbú ìkẹta yìí kò gbọ́dọ̀ dín sí 7.188, kò sì gbọ́dọ̀ ju 7.348 lọ.

Ìkẹta tí ojú kò rí yẹn ni baba wọn, torí ibẹ̀ ni bólútì ń jókòó sí. Nígbà tí ẹ bá fi súpánà fún bólútì, orí ebè rẹ̀ kì í kan ìsàlẹ̀ poro ihò. Ẹ̀gbẹ́ ebè ti bólútì ló ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ebè ti ihò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ebè kọ̀ọ̀kan dagun, igun 60 dígírì ló wà láàárín wọn, nítorí náà bí ẹ ṣe ń fún un ni wọ́n ń ti bólútì lọ sí àárín fúnra wọn, bí ọmọrí tó ń wá àyè ara rẹ̀ lẹ́nu ìkòkò. Ibi tí dírììlì gbà kọjá kò kan bólútì. Ibi tí àwọn ẹ̀gbẹ́ yẹn bá gbé e sí ló máa wà.

Àwọn tó ṣe òfin àwòrán iṣẹ́ mọ èyí. Òfin Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní ASME Y14.5, àti òfin ISO tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yòókù ń tẹ̀ lé, ohùn wọn ṣọ̀kan lórí rẹ̀: bí àwòrán bá sọ ipò ihò onítírẹ́ẹ̀dì, tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà tó gba àárín ìkẹta yẹn kọjá ló ń sọ. Bí ẹni tó ya àwòrán bá fẹ́ òmíràn, ó di dandan kó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà á kọ MINOR DIA bó bá jẹ́ orí ebè, á kọ MAJOR DIA bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ poro. Àwọn ti ISO á kọ LD tàbí MD. Mo ti rí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí wọn kò mọ̀ pé òfin ti yàn fún wọn. Kálukú ń wọn ihò tó wù ú, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí nọ́ńbà.

Ẹ̀rọ tí à ń fi wọn ihò ní ilé iṣẹ́ ńlá ni CMM. Ẹ fojú inú wo tábìlì òkúta gíránáìtì tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí apá kan ń rìn lókè rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, sókè sódò. Lẹ́nu apá yẹn ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gbé bọ́ọ̀lù rúbì pupa kékeré. Gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù yìí bá ti kan irin, kọ̀ǹpútà á kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Fún ihò tí ògiri rẹ̀ ń dán, kó kàn án lẹ́ẹ̀mẹrin ní gíga kan náà ti tó: ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn, àríwá, gúúsù. Kọ̀ǹpútà á fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya òbìrí kan, á sì sọ ibi tí àárín rẹ̀ wà.

Ohun tí èmi náà ṣe sí ihò bólútì nìyẹn nígbà tí mo ṣì jẹ́ ẹni tuntun. Ìdérí alumíníọ̀mù méjìlá ni wọ́n kó wá, ihò M8 mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lára wọn, ààyè tí àwòrán sì fún ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.2. Mo wọ̀n wọ́n, mo kọ mẹ́sàn-án. Bàbá kan tó ti ń gé irin láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ló gé wọn. Kò bá mi jà. Ó gbé ọ̀kan nínú èyí tí mo kọ̀, ó ní kí n tún un wọ̀n níṣojú òun, àmọ́ kí n jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà sọ̀ kalẹ̀ sí i pẹ̀lú nǹkan bíi 0.6 mìlímítà péré. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ihò tó sún sí ìlà oòrùn lẹ́ẹ̀kan wá di èyí tó sún sí ìwọ̀ oòrùn. A ti de irin náà mọ́ tábìlì, kò mira. Bàbá ní, “Ọmọ mi, ihò kì í rìn. Wo ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ ń bà sí.”

Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú bébà àti bírò, ohun tí mo sì rí nìyí. Bí ebè bá yí ihò po lẹ́ẹ̀kan, ó ti gòkè ní 1.25. Bó bá yí ìdajì, ó ti gòkè ní 0.625, ìyẹn ìdajì píìṣì gẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá bà lé orí ebè ní ìlà oòrùn, tí ó wá rékọjá sí ìwọ̀ oòrùn láìyí gíga rẹ̀ padà, poro ló máa bá níbẹ̀, kì í ṣe ebè. Bọ́ọ̀lù á rì wọ inú poro díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ poro; ohun tó mọ̀ ni pé ògiri ìwọ̀ oòrùn jìnnà ju ti ìlà oòrùn lọ, á sì sún àárín ihò lọ sí ọ̀hún. Ní àríwá àti gúúsù, ibi tí bọ́ọ̀lù bà sí rí bákan náà, nítorí náà kò sí ìsúnsí lọ́nà yẹn.

Báwo ló ṣe ń rì tó? Nínú ihò M8 tí wọ́n fi dírììlì 6.8 lù, bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 ń rì tó 0.095. Ìdajì ìyẹn ni àárín fi máa sún, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣírò ipò (màá dé ibẹ̀ láìpẹ́) ń sọ ìsúnsí di ìlọ́po méjì, nítorí náà odindi 0.095 ló máa hàn lórí ìwé. Nínú 0.2 tí wọ́n fún wa, irọ́ ti jẹ ìdajì rẹ̀ tán kí àṣìṣe ẹni tó gé irin tó dé rárá.

Ibi tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni èyí. Ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá dúró lójú kan máa ń rò pé bọ́ọ̀lù òun ló tóbi jù, á wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó kéré. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 1 ń rì tó 0.24 nínú ihò kan náà. Ihò tó wà níbi tó yẹ kó wà láìyẹ̀ rárá á kùnà lójú ẹ̀rọ yẹn. Bọ́ọ̀lù mìlímítà 3 kò rì ju nǹkan bíi 0.06 lọ. Ńṣe ló dà bíi ti ẹsẹ̀ ọmọdé àti ẹsẹ̀ erin lórí oko kan náà: ẹsẹ̀ ọmọdé á wọ poro, ẹsẹ̀ erin á dúró lórí ebè méjì pọ̀. Nítorí náà, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, bọ́ọ̀lù tó tóbi jù tó lè wọ ihò náà láìfún ni kí ẹ lò.

Ọ̀nà mìíràn wà o, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé ebè. Sọ́fúwíà ẹ̀rọ CMM òde òní ní àyè tí ẹ ti lè kọ píìṣì sí. Bí ẹ bá kọ 1.25, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń lọ láti ìlà oòrùn sí àríwá, á gòkè ní 0.3125, láti àríwá sí ìwọ̀ oòrùn, 0.3125 mìíràn, bẹ́ẹ̀ títí á fi yí po. Ibi kan náà lára ebè ni gbogbo rẹ̀ máa bà sí. Bó bá rì, ó rì dọ́gba káàkiri, àárín kò sì ní sún. Ìbú tí ẹ̀rọ máa kọ lè má jẹ́ òótọ́, kò sì sí wàhálà níbẹ̀, torí ipò là ń wá, a kò wá ìbú. Ó kù kí ẹ mọ̀ bóyá tírẹ́ẹ̀dì náà ń yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ẹ bá wo ihò láti òkè, ebè ti ọwọ́ ọ̀tún, tó wọ́pọ̀, ń gòkè nígbà tí ẹ bá ń yí lọ́nà òdìkejì ọwọ́ aago. Kí ẹ sì ṣe é ní gíga méjì, ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu ihò, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ihò náà dúró ṣánṣán tàbí ó dagun.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí ipa dírììlì ń dán, ẹ wọn orí ebè kí ẹ sì máa lọ. Mi ò ní bú wọn. Táàpù sábà máa ń tẹ̀ lé ihò tó bá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dírììlì bá yà díẹ̀ nínú irin, bóyá torí pé ó kú tàbí torí pé ó bá ihò afẹ́fẹ́ pàdé nínú irin tí wọ́n dà. Ẹ̀rọ á gbé táàpù wá sí ibi tí àwòrán sọ, kò ní gbé e wá sí ibi tí dírììlì yà sí. Táàpù á gé ẹ̀gbẹ́ kan jinlẹ̀, á gé ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́ẹ́rẹ́. Ipa dírììlì á wà níbì kan, bólútì á jókòó síbòmíràn, ẹni tó sì wọn orí ebè á máa sọ ìtàn dírììlì fún wa. Ó burú jù níbi tí wọ́n bá ti lo táàpù tí kì í gé irin, èyí tó jẹ́ pé ńṣe ló ń tẹ irin wọlé kí irin tó yọ lè di ebè. Dírììlì tó tó 7.4 ni wọ́n ń fi lu ihò M8 fún irú táàpù bẹ́ẹ̀. Orí ebè rẹ̀ kì í dán. Ó máa ń ní lílà ní àárín bí pátákò ewúrẹ́. Kò sí ipa dírììlì kankan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ láti wọ̀n.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn, 0.2. Ibo ló ti wá? Ihò tí bólútì M8 ń gbà kọjá lára ìdérí, bí wọ́n bá fẹ́ kó fún díẹ̀, 8.4 ni. Ẹ yọ 8 kúrò nínú 8.4, ó ku 0.4. Gbogbo ààyè tó wà nìyẹn, ihò ìdérí àti ihò onítírẹ́ẹ̀dì ló sì jọ máa pín in: 0.2 fún ọ̀kan, 0.2 fún èkejì. Bí ihò ìdérí bá jẹ́ 9, tó wọ́pọ̀ jù, ó ku mìlímítà 1, kálukú á gba 0.5. Ìyẹn ló fà á tí ìdérí kan fi máa ń gba ìgbàkugbà tí òmíràn kò sì gbà á.

0.2 yẹn kì í ṣe pé ihò lè sún 0.2 o. Ìbú òbìrí kan ni. Ẹ ya òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.2 sí ibi tí àwòrán fẹ́ kí àárín ihò wà. Àárín ihò gangan kò gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Láti àárín òbìrí dé etí rẹ̀, 0.1 péré ni. Bí ihò bá sún 0.08 sí ọ̀tún àti 0.06 sókè, ìrìn rẹ̀ ní tààrà jẹ́ 0.1, èyí tí a máa kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò sì jẹ́ ìlọ́po méjì, ìyẹn 0.2. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ni. Mo ti rí ẹni tó ka 0.1 yẹn tó ní ìdajì ààyè ṣì kù.

Kí ló dé tó jẹ́ òbìrí, tí kò jẹ́ igun mẹ́rin bí ti àtijọ́? Ọkùnrin tí wọ́n máa ń darúkọ lórí èyí ni Stanley Parker, tó ṣiṣẹ́ ní Royal Torpedo Factory ní ìlú Alexandria ní Scotland, ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tiẹ̀, bí àpẹẹrẹ, 0.1 sí ọ̀tún tàbí òsì, 0.1 sókè tàbí sódò ni àwòrán ń sọ, ìyẹn sì jẹ́ igun mẹ́rin. Ní kọ̀rọ̀ igun mẹ́rin yẹn, ihò lè jìnnà tó 0.14 kí wọ́n sì gbà á. Ní tààrà sí ọ̀tún, bó bá jìnnà ní 0.11 péré, wọ́n á kọ̀ ọ́. Bólútì kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí kọ̀rọ̀. Bí 0.14 bá dára ní kọ̀rọ̀, ó dára níbi gbogbo. Òbìrí tó gba àwọn kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá fi ìpín 57 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju igun mẹ́rin náà lọ, gbogbo iṣẹ́ tó bá sì bọ́ sínú àlékún yẹn jẹ́ iṣẹ́ tó dára tí wọn ì bá ti dà nù.

Ẹ má ṣe gbàgbé ibi tí à ń wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹ kò lè bá ẹnì kan jà lórí ilẹ̀ láìkọ́kọ́ wá ibi tí pèrègún ààlà wà. Àwòrán náà ní pèrègún tiẹ̀: ó máa ń kọ A, B, C sí ojú tó tẹ́jú, sí ihò ńlá, sí etí tí ẹ̀rọ ti gé. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lọ fi vernier, irin ìwọ̀n tí à ń fọwọ́ lò, wọ̀n láti etí tí kò tíì kan ẹ̀rọ, etí tí irin kàn ṣe bá a jáde láti inú yanrìn, ti gbin pèrègún tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú nítorí pé ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀dí. Ihò lè wà níbi tó yẹ gẹ́lẹ́ ní ojú irin, kí bólútì má sì wọlé síbẹ̀. Bó bá dagun dígírì 1 péré, tí ìdérí tí wọ́n gbé lé e sì nípọn ní mìlímítà 20, nígbà tí bólútì máa fi yọ lókè ìdérí, ó ti yà ní 0.35. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí P nínú òbìrí kékeré lórí àwọn àwòrán, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ má wọn ipò yìí nínú ihò; ẹ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́ lókè ihò, ní ibi tí ìdérí máa wà. Nígbà tí P bá wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń wọ̀n kò ka á, iṣẹ́ tó máa jáde lè yege lórí bébà kó sì kùnà lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Fún irú èyí, ohun tó dára ni ọ̀pá ìwọ̀n oníbólútì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tírẹ́ẹ̀dì, òkè rẹ̀ jẹ́ irin róbótó tó ń dán. Ẹ yí i wọ ihò, kí ẹ wá wọn apá tó ń dán ní gíga méjì. Kò sí ebè, kò sí poro, apá tó yọ sókè sì ń fi ibi tí bólútì fúnra rẹ̀ máa gbà hàn yín. Àmọ́ ó ní àléébù tiẹ̀. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ lè wọ ihò tó kéré jù, 7.188. Bó bá wọ ihò tó fẹ̀ jù, 7.348, ó ní ààyè 0.16 láti mì. Ẹ fi ọwọ́ kàn án, á mì. Bí ọ̀pá náà bá ní èjìká tó ń jókòó lé ojú irin, tí ẹ sì fún un díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ebè á gbé e sí àárín bí ó ti ń ṣe fún bólútì. Ṣùgbọ́n bí ojú irin kò bá tẹ́jú, èjìká náà á gbé e dagun. Èmi máa ń wọ̀n ọ́n, màá yí i ní ìdajì, màá tún un wọ̀n, màá wá mú àárín èsì méjèèjì. Bí méjèèjì bá jìnnà síra wọn, ọ̀pá náà ti tẹ̀ tàbí ó ti gbó, mi ò sì ní gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́.

Ooru náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Gbogbo ìwọ̀n tó wà lórí àwòrán, ti dígírì 20 ni. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní dígírì 32, alumíníọ̀mù tó gùn ní mìlímítà 400 ti fi nǹkan bíi 0.11 gùn sí i. Irin lásán kì í gùn sí i ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Ìdérí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú oòrùn kì í ṣe ìdérí tó yẹ kí ẹ wọ̀n. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí òun àti ẹ̀rọ jọ sùn mọ́jú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó máa ka èyí kò ní CMM. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, níbi tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti gbé fáìlì. Vernier kan àti bólútì tuntun mẹ́rin tó tọ́, tó sì gùn díẹ̀, ti tó. Ẹ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ihò ẹ́ńjìnì láìsí ìdérí. Ẹ wọn bólútì méjì láti ìta dé ìta, ẹ tún wọ̀n wọ́n láti inú dé inú, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì. Àárín sí àárín nìyẹn, ìbú bólútì ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ ojú irin àti lókè. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ọ̀kan nínú bólútì yẹn dagun. Ihò mẹ́rin ní ìwọ̀n mẹ́fà láàárín wọn: ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin àti ìdábùú méjì. Ẹ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún àwọn ihò ìdérí, láti etí tó jìnnà dé etí tó jìnnà, láti etí tó súnmọ́ra dé etí tó súnmọ́ra, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì.

Ẹ wá fi ìwé méjèèjì síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò ìdérí bá jẹ́ 8.4, ìwọ̀n tó bá fi ju 0.4 lọ yàtọ̀ síra wọn ni kò lè gbà. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n mẹ́ta tó kan ihò kẹrin nìkan ló yàtọ̀, tí mẹ́ta yòókù sì bára mu, ihò kẹrin ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìdérí. Láti mọ̀ bóyá ti ẹ́ńjìnì ni tàbí ti ìdérí, ẹ wọn ìdérí àtijọ́ tó ti wà lára ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bí ìdérí àtijọ́ àti tuntun bá bára mu, ihò ẹ́ńjìnì ni ẹnì kan ti tún gé láìdè é dáadáa. Kí wọ́n dí ihò yẹn, kí wọ́n lù ú lọ́tun lórí ẹ̀rọ tó dúró ṣánṣán, kí wọ́n má fọwọ́ di dírììlì mú. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ kó ìwé ìwọ̀n náà dání, kí ẹ dá ìdérí tuntun padà fún ẹni tó tà á.